Kí ló há fíìmù Killer of Sheep mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 30?

Ìbéèrè: Ta ló ṣe fíìmù yìí, báwo ló sì ṣe ṣe é?

Ìdáhùn: Charles Burnett ni, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Mississippi lọ́dún 1944, tí ó sì dàgbà ní àdúgbò Watts ní ìlú Los Angeles. Òun ni ó kọ ọ́, òun ni ó darí rẹ̀, òun ni ó gbé kámẹ́rà, òun náà ni ó sì to àwòrán rẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ àṣegboyè rẹ̀ ní yunifásítì UCLA ni, nítorí náà òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń yà á. Gbogbo owó tí ó ná kò tó 10,000 dọ́là.

Ìbéèrè: Kí ni ó wà nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ìgbésí ayé Stan ni, òṣìṣẹ́ odò ẹran tí ó ń pa àgùntàn lójúmọ́, tí oorun kì í sì í kùn ún lálẹ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àlòkù, wọ́n fi agbára káká gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbé e sí etí ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra báyìí, ẹ́ńjìnnì já lulẹ̀, ó bàjẹ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Níbòmíràn, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́bàá fèrèsé sí orin "This Bitter Earth" tí Dinah Washington kọ. Ìyàwó dì mọ́ ọn, ọkọ já ara rẹ̀ gbà, ó kúrò níbẹ̀. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi ohun tí ìṣẹ́ àti àárẹ̀ ń dá sílẹ̀ láàárín tọkọtaya hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú.

Ìbéèrè: Bí ó bá dára tó báyìí, kí ló dé tí kò fi dé ilé sinimá?

Ìdáhùn: Àwọn orin inú rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi orin olórin sínú fíìmù tí a ó gbowó wíwò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni orin náà, kí ó tún gba òmíràn lọ́wọ́ ẹni tí ó ni àwo rẹ̀. Burnett kò gba àṣẹ wọ̀nyí, nítorí kò ṣe fíìmù náà fún títà. Àwọn alárìíwísí fún un lẹ́bùn ní Berlin lọ́dún 1981, ibi ìkówèésí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì fi í sára àwọn fíìmù àjogúnbá lọ́dún 1990, síbẹ̀ ará ìlú kò rí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rà.

Ìbéèrè: Ṣé kò bá ti pààrọ̀ àwọn orin náà ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré láàárín àwókù, ohùn Paul Robeson ni à ń gbọ́, tí ó ń kọrin nípa ohun tí Amẹ́ríkà jẹ́ fún un. Bí a bá yọ orin yẹn, a ti yọ ìdajì ọ̀rọ̀ tí Burnett ń sọ.

Ìbéèrè: Báwo ni ó ṣe wá jáde?

Ìdáhùn: Ilé ìpamọ́ fíìmù UCLA tún un ṣe, ilé iṣẹ́ Milestone tí ó ń gbé fíìmù jáde sì san nǹkan bí 150,000 dọ́là fún ẹ̀tọ́ àwọn orin náà, èyí tí ó ju ìlọ́po 15 owó tí wọ́n fi ya fíìmù náà lọ. Olùdarí fíìmù Steven Soderbergh ràn wọ́n lọ́wọ́, Killer of Sheep sì dé ilé sinimá lọ́dún 2007. Orin kan ṣoṣo, "Unforgettable" tí Dinah Washington kọ, ni wọn kò rí àṣẹ rẹ̀ gbà nígbà náà. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe tí ó jáde lọ́dún 2025 ni ó tó padà sí àyè rẹ̀.