Ẹ Yéé Fún Ẹyẹ Yín Ní Oògùn Ẹ̀jẹ̀

Láàárín oṣù méjì péré, ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní fairy-bluebird mẹ́rin ni wọ́n ti gbé wá bá mi, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ikùn wọn wú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń mí hẹlẹhẹlẹ, gbogbo ẹni tó gbé wọn wá ló sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, "Dókítà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tó ni, mo ti ń fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ta ló yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún wò fún yín?

Kuala Lumpur níbí ni mo ti ń tọ́jú ẹyẹ, ó ti tó ọdún mọ́kànlá, mi ò sì fẹ́ máa kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń fọ kéèjì, ẹni tí ò bá mọ ìyẹn kó yáa lọ ra ẹja. Ẹyẹ tí mò ń wí yìí, kacembang gadung ni àwọn ará Indonéṣíà ń pè é. Ẹ̀yìn akọ ẹ̀ aró tó ń dán gbinrin, ikùn ẹ̀ dúdú, ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Agbe ló laró lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá rí eléyìí á ní ó ti jí díẹ̀ níbẹ̀. Abo ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dán.

Ọ̀rọ̀ irin gan-an ni mo bá wá, torí irin ló wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn. Nínú igbó, láti Íńdíà títí dé Borneo, orí igi ọ̀pọ̀tọ́ lẹ ti máa bá a, èso ló ń jẹ jù, irin inú èso yẹn ò sì tó nǹkan, nǹkan tó máa ń fúnni lẹ́nu bíi tíì dúdú tún wà nínú ẹ̀ tó ń di irin ọ̀hún mú kó má ráyè wọra. Ìfun ẹyẹ yìí wá ti mọ́ra láti gba gbogbo irin tó bá rí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó tó. Ẹ̀yin gbé e wálé, ẹ̀ ń fún un ní oúnjẹ ajá tí wọ́n ti ro irin mọ́, ẹ tún gé ọsàn lé e lórí, bẹ́ẹ̀ fítámì C inú ọsàn yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún irin kó lè wọlé dáadáa! Ẹ̀dọ̀ ló ń kó o pamọ́ sí títí ẹ̀dọ̀ á fi bàjẹ́, nígbà míì ẹ ò ní rí àmì kankan, ẹ kàn máa jí bá òkú ẹ̀ ni. Oúnjẹ ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ní ju míligíráàmù irin 100 lọ nínú kílò kan, kó tiẹ̀ kéré sí i ló dáa, ẹ ka ara páálí ẹ̀. Ẹ fún un ní ápù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tòmátì, ẹ jẹ ẹ́ fúnra yín.

Àwọn tó ń tajà lọ́jà ẹyẹ ni wọ́n ń ba nǹkan jẹ́. Ẹyẹ bá ti wú ìyẹ́, oògùn ẹ̀jẹ̀. Ẹyẹ ò bá kọrin, oògùn ẹ̀jẹ̀. Tí mo bá wá ní kí n fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀, wọ́n á pariwo lé mi lórí, bẹ́ẹ̀ ìwòsàn gan-an nìyẹn, torí tí ẹ̀jẹ̀ bá dínkù, ara á lọ mú irin látinú ẹ̀dọ̀ láti fi ṣe òmíràn. Ẹyẹ 70 gíráàmù, ohun tí mò ń fà lọ́sẹ̀ ò ju ẹ̀kán mẹ́rìnlá lọ. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n ò lè ṣe é o.

Ọmọ wa kan tó ń kàwé níbí ò gbà kí n fà á. Ẹyẹ kú. Ó pè mí lóru, inú ẹ̀ ń dùn, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dúpẹ́, wòlíì wa nílé ti rí ikú tẹ́lẹ̀, ẹyẹ yẹn ló bá mi forí gbà á." Mo ní kó gbé òkú ẹ̀ wá. Ìgbà tí mo ṣí i, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ rí bíi páànù tó dóògún, mo gé díẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù, wọ́n fi dáì tó máa ń sọ irin di búlúù sí i. Mo pe bọ̀ọ̀dá yìí wá wo inú maikirosíkóòpù. Aró ni látòkè délẹ̀.

Ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i, àwọ̀ ẹyẹ náà nìyẹn, àmì ni."

Ó ti ra òmíràn lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó ń ṣí báàgì kó lè fi fọ́tò ẹ̀ hàn mí, mo rí ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.