Légitimité tí wọ́n ń pè lórí rádíò, kí ló jẹ́ gan-an?

Màmá kan tó ń ta gàrí ní ọjà Wàńdó, níbí l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), ló bi mí, "Ọmọ mi, légitimité tí wọ́n ń pè lórí rádíò yìí, kí ni?" Mo ní òun ni pé kí ará ìlú gbà látọkàn wá pé ìjọba yìí, tiwa ni. Màmá ní ṣé kì í ṣe kó ṣáà ti bófin mu ni? Rárá o, méjì ni wọ́n.

Èyí tó bófin mu, légalité nìyẹn: wọ́n dìbò, wọ́n kà á, wọ́n lu òǹtẹ̀, ó tán. Légitimité jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo Kétu, ìdílé márùn-ún ló ń jẹ Alákétu, ìyẹn ọba wọn, wọ́n sì ń yí i ká ni, ìdílé tí ò kàn lónìí mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá kan òun, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n fipá mú wọn.

Orílẹ̀-èdè wa, Bẹ̀nẹ̀, náà ti ṣe irú ẹ̀ rí, inú mi máa ń dùn tí mo bá ń sọ ọ́. Lọ́dún 1989 nǹkan ti bàjẹ́ pátá, tísà ò rówó oṣù gbà, báńkì ti kógbá sílé. Kérékou, tó ti fi ológun gbàjọba láti 1972, pe èèyàn bí 500 jọ sí àpérò ní Kútọnu, 19 sí 28 oṣù Kejì 1990, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àgbẹ̀, olórí ẹ̀sìn, àwọn tó ti ṣe ààrẹ rí, àwọn ọmọ wa òkè òkun. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Isidore de Souza ló darí àpérò náà. Wọ́n fẹnu kò pé ohun tí àwọn bá pinnu níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè yí i, ààrẹ náà ò lè yí i, rádíò sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Kérékou gbà.

Nígbà tí òfin àgbà (constitution) tuntun délẹ̀, wọn ò kàn gbé e lé wa lórí. 2 oṣù Kejìlá 1990 ni referandọ́mù, ìyẹn ìbò tí ará ìlú fúnra wọn fi ń gba òfin tàbí kọ̀ ọ́, ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n bi ará ìlú. Òfin yẹn ní ẹni tó ti lé ní 70 ò lè du ààrẹ, ìyẹn ló sì ti Maga, Ahomadégbé àti Zinsou, tí wọ́n ti ṣe ààrẹ rí, síta, ni wọ́n bá ní: o lè gba òfin náà bó ṣe wà, o lè gbà á kó o yọ ti ọjọ́ orí kúrò, o lè kọ gbogbo ẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù.

Ẹ wá fi wé 2019. Ìbò dépité, ìyẹn àwọn aṣòfin, oṣù Kẹrin, ẹgbẹ́ alátakò kankan ò sí nínú ẹ̀, àwọn tó jáde dìbò ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn dépité yẹn ló tún òfin àgbà ṣe lóru, 31 oṣù Kẹwàá mọ́ ọjọ́ kejì ẹ̀, láìbi ará ìlú. Òfin gbà wọ́n láyè o, tí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún wọn bá ti gbà, referandọ́mù ò pọn dandan. Légalité wà níbẹ̀. Màmá ní, "Ta ló bi èmi?"

Faransé ni wọ́n sì ń fi kọ òfin, èyí tí màmá ò gbọ́. Èmi ò rò pé ó le kí wọ́n tó dìbò sí òfin, kí wọ́n kọ́kọ́ kà á ní Gùn àti Yorùbá lọ́jà, kí ẹnì kan jókòó kọ ohun táwọn èèyàn bá sọ sílẹ̀, kó gbé e lọ fún àwọn dépité. Ilé wọn ò kúkú jìnnà sí Wàńdó.