Látẹ̀yìn káàdì tẹ́tẹ́ dé Zebra: bí ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbà tí Google dé ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà kó bá wọn wá nǹkan jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Àwọn ará láíbìrì ti ń ṣe é tipẹ́, tiwọn tún le ju ti Google lọ lọ́nà kan, torí pé rẹ́kọ́ọ̀dù tiwọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ nípa ìwé kọ̀ọ̀kan, ní ìpín nínú: ibí ni orúkọ òǹkọ̀wé, ibí ni àkọlé, ibí ni ọdún, ọ̀hún ni ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀. Ẹ̀rọ tó bá máa wá nǹkan nínú irú rẹ́kọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀, kó sì tún mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn jókòó sí, torí ẹni tó ń wá ìwé tí Darwin kọ àti ẹni tó ń wá ìwé tí wọ́n kọ nípa Darwin, nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wá. Ìdílé méjì ló bí irú ẹ̀rọ yìí, títí kan Zebra, ẹ̀rọ ìṣàwárí ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ láíbìrì ń lò, wọn ò sì mọra wọn rí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1230, ní Paris, àlùfáà Dominican kan tó ń jẹ́ Hugh of Saint-Cher kó àwọn ará ilé ìsìn ẹ̀ jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ọ̀rọ̀ inú Bíbélì èdè Látìn lẹ́sẹẹsẹ, lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wọ́n á kọ gbogbo ibi tó ti jáde. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Bíbélì ìgbà yẹn ní orí ṣùgbọ́n kò tíì ní ẹsẹ tí wọ́n fi nọ́ńbà sí bíi tòde òní. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n fojú pín orí kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà méje, a, b, c títí dé g, tí ọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀rẹ̀ orí wọ́n á kọ a, tó bá wà níparí wọ́n á kọ g. Ẹ wò ó dáadáa o: ọ̀rọ̀, ìwé tó ti jáde, àti àyè tó wà nínú ìwé yẹn. Nǹkan tí ẹ̀rọ ìṣàwárí ń kọ sínú fáìlì ẹ̀ títí dòní náà nìyẹn, ọwọ́ èèyàn àti yíǹkì ló kàn ṣe ti Paris.

Ó lé ní 700 ọdún kí ẹnì kan tó gbé irú iṣẹ́ yìí fún ẹ̀rọ. Roberto Busa, àlùfáà Jesuit ará Ítálì, fẹ́ to gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé Thomas Aquinas, ló bá gbéra lọ́dún 1949 ó lọ bá Thomas Watson tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá ní IBM, Watson sì gbà pé àwọn á ràn án lọ́wọ́. Káàdì oníhò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíi mílíọ̀nù 11 ni wọ́n tò, ó sì di àárín ọdún 1970 sí 1980 kí ìwé ńláńlá yẹn tó máa jáde. Sùúrù ò pé méjì jàre.

Àmọ́ kéèyàn to ọ̀rọ̀ nìkan ò tó. Tí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá rẹ́kọ́ọ̀dù ńkọ́, èwo ló máa kọ́kọ́ jáde? Àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bíi Dialog tí Roger Summit ṣe ní Lockheed láàárín ọdún 1960 sí 1970, AND, OR àti NOT ni wọ́n mọ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù bá a mu tàbí kò bá a mu, ó parí. Gerard Salton ní Cornell ló wá fi ẹ̀rọ SMART ẹ̀ hàn pé wọ́n lè fún rẹ́kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní máàkì, kí èyí tó sún mọ́ ìbéèrè jù wà lókè. Nígbà tó di 1972, Karen Spärck Jones ní Cambridge gbé òmíràn jáde, èyí tó jẹ́ pé mo kà á sí ọgbọ́n tó dùn jù nínú gbogbo ìtàn yìí: ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀ ló yẹ kó wúwo. Tó o bá wá "ìtàn Zanzibar", ìtàn wà nínú ìdajì láíbìrì, Zanzibar ò wọ́pọ̀, nítorí náà Zanzibar ni kí ẹ̀rọ gbọ́kàn lé. Ó dà bí nǹkan tí ọmọdé náà lè sọ, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ fi nọ́ńbà tì í lẹ́yìn, kò sì sí ẹ̀rọ ìṣàwárí gidi tí kò ní nǹkan yẹn nínú lónìí ní àwọ̀ kan tàbí òmíràn.

Ìdílé kejì ní tiwọn ò bìkítà fún ohun tó wà láàárín ìwé. Ìwé fúnra ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣàpèjúwe: ta ló kọ ọ́, kí lorúkọ ẹ̀, níbo ló ti jáde. Lẹ́yìn Ìyípadà ńlá ilẹ̀ Faransé, ìjọba ti gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ilé ìsìn kalẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n wá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ní. Lọ́dún 1791 wọ́n kọ àṣẹ ránṣẹ́ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ kọ ìwé kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn káàdì tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́, torí pé òfìfo ni ẹ̀yìn káàdì ìgbà yẹn, ibi gbogbo ni wọ́n sì ti ń rí i. Káàdì kan, ìwé kan. Kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé, kí wọ́n fi orúkọ tí wọ́n fàlà sí yẹn to káàdì, kí wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ àti òwú gba igun káàdì kọjá kó má baà dàrú lójú ọ̀nà. Ìlà yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Ẹni tó fà á ti sọ pé nínú gbogbo ohun tó wà lójú káàdì yìí, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán, orúkọ òǹkọ̀wé ni. Fíìdì nìyẹn, bí wọn ò tiẹ̀ tíì máa pè é bẹ́ẹ̀.

Láti orí káàdì, ẹ jẹ́ n fò dé Washington. Henriette Avram kì í ṣe òṣìṣẹ́ láíbìrì tẹ́lẹ̀ o, pírógíráámà ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní NSA, àjọ amí Amẹ́ríkà, rí, 1965 ló dé Library of Congress, láíbìrì ńlá ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kó wá bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ka káàdì kátálọ́ọ̀gù. Ìbéèrè tó máa ń bi àwọn ará láíbìrì ni pé nǹkan yìí, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé àkọlé ni? Torí ojú èèyàn á wo káàdì á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà ò lójú. Ohun tó ti inú ìyẹn jáde ni MARC, ọ̀nà kíkọ rẹ́kọ́ọ̀dù ìwé tí kọ̀ǹpútà lè kà. Láíbìrì 16 ló kọ́kọ́ dán an wò láàárín 1966 sí 1968, nígbà tó fi máa di 1969 Library of Congress ti ń fi téèpù rẹ́kọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí àwọn tó bá fẹ́. Nọ́ńbà ni wọ́n fún fíìdì kọ̀ọ̀kan: 100 ni òǹkọ̀wé, 245 ni àkọlé, 650 ni kókó ọ̀rọ̀, 020 ni ISBN.

Ẹ ò lè gbàgbọ́ bó ṣe há tó. Lẹ́tà 24 àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ ń sọ bí rẹ́kọ́ọ̀dù ṣe gùn tó (ìyẹn ni rẹ́kọ́ọ̀dù ò ṣe lè kọjá 99999). Lẹ́yìn ìyẹn ni atọ́ka kékeré inú rẹ́kọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, fíìdì kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà 12. Tó o bá rí 245004500123, àkọlé ni, gígùn ẹ̀ jẹ́ 45, ibi 123 ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é mọ̀ pé orí téèpù ni rẹ́kọ́ọ̀dù máa wà, téèpù ò sì fẹ́ràn kéèyàn máa fò síwá sẹ́yìn, nítorí náà wọ́n ti sọ ibi tí gbogbo nǹkan wà kó tó débẹ̀.

Gbogbo láíbìrì ńlá wá ní MARC, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kálukú fi ń wá nǹkan nínú tiẹ̀ yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà ibí ní kó o tẹ "find au", tọ̀hún ní "a=", tẹni kẹta tún gbé òfin tiẹ̀ dé, ẹni tó bá fẹ́ wo láíbìrì mẹ́ta á kọ́ èdè mẹ́ta. Ohun tó bí Z39.50 nìyẹn, òfin kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà láíbìrì fi ń bi ara wọn ní ìbéèrè. 1988 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà, 1995 ni ẹ̀dà kẹta, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀. Ohun tó ṣe rọrùn láti sọ: ó yọ ìbéèrè kúrò lára ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tiẹ ò ní láti mọ bí mo ṣe to fáìlì mi, nọ́ńbà la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. 4 ni àkọlé, 7 ni ISBN, 21 ni kókó ọ̀rọ̀, 1003 ni òǹkọ̀wé, 1016 ni ibikíbi tó bá wà. Tí mo bá fẹ́ ìwé tí Darwin kọ lórí ilẹ̀ àti òkúta, mo lè kọ

@and @attr 1=1003 darwin @attr 1=21 geology

kí n fi ránṣẹ́ sí sáfà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, á yé e. Kò lẹ́wà lójú, mo gbà, ìdí ẹ̀ náà sì nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà nìkan ló ń rí i.

Àwọn Brewster Kahle ní Thinking Machines, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, mú ẹ̀dà 1988 yẹn, wọ́n fi ṣe WAIS tó jáde ní 1991, èyí tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé gbọọrọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀ ni ìdílé méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn. Ṣùgbọ́n ìwé gbọọrọ ni WAIS mọ̀ dáadáa, rẹ́kọ́ọ̀dù onípìn-ín kì í ṣe ibi tó ti lágbára.

Ní 1994 Sebastian Hammer àti Adam Dickmeiss dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Copenhagen ní Denmark, Index Data lorúkọ ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe YAZ, àpò irinṣẹ́ tí pírógíráámà lè fi sọ Z39.50 láìfi orí ara ẹ̀ fọ́ ògiri. Zebra ló tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ni ẹ̀rọ tó lè gba rẹ́kọ́ọ̀dù oríṣiríṣi, MARC ni o, XML ni o, lẹ́tà í-méèlì pàápàá, kó to ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, kó sì máa dáhùn ìbéèrè Z39.50. Lábẹ́ láìsẹ́ǹsì GPL ni wọ́n wá ń pín in, ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ kó sì tún un ṣe.

Pírógíráàmù méjì ló wà nínú ẹ̀ tó ṣe pàtàkì. zebraidx ló ń ka rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń kọ atọ́ka, zebrasrv ló ń jókòó ti ojú ọ̀nà tó ń dáhùn. Èyí tó wù mí jù ni pé Zebra fúnra ẹ̀ ò mọ ohun tó ń jẹ́ àkọlé. Ìwọ lo máa kọ ọ́ sínú fáìlì pé tó o bá rí 245, kó lọ sínú atọ́ka àkọlé, kó o tò ó bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó o tún tò ó bí gbólóhùn odindi, torí ẹlòmíì ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹlòmíì mọ àkọlé náà látòkè délẹ̀. Fáìlì mìíràn ń sọ pé é àti e, lẹ́tà ńlá àti kékeré, ọ̀kan náà ni lójú wíwá. Yàtọ̀ sí AND, OR àti NOT, o lè kọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan, o lè wá ọ̀rọ̀ méjì tó sún mọ́ra, o lè fara da àṣìkọ, o lè ní kó fi máàkì to èsì. Ó tún lè ṣí atọ́ka sílẹ̀ fún ẹ, kó o máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń ka ìwé atúmọ̀ èdè.

Ti àtúnṣe náà wà. Láíbìrì kì í dúró, ìwé ń wọlé, ìwé ń sọnù, kò sẹ́ni tó fẹ́ pa sáfà kó tó lè fi ìwé tuntun mẹ́ta kún un. Zebra lè kọ àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn tó ń wá nǹkan á máa lo ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìgbà tó o bá pàṣẹ zebraidx commit ni tuntun á wọlé. Tí iná bá lọ láàárín, ti tẹ́lẹ̀ ò bà jẹ́. Ẹni tó bá ti rí i kí atọ́ka bà jẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí gbogbo èèyàn ń wá ìwé, òun nìkan ló mọ iyì ẹ̀.

Ohun tó gbé Zebra dé ọ̀pọ̀ láíbìrì ni Koha, sọ́fítíwíà tí láíbìrì fi ń darí iṣẹ́ wọn. New Zealand ni Koha ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí Horowhenua Library Trust ń lò nígbà yẹn ò ní lè wọ ọdún 2000, wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Katipo Communications, wọ́n ṣe tuntun fún wọn lọ́dún 1999, oṣù January 2000 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Níbẹ̀rẹ̀, inú détábéèsì MySQL lásán ló ti ń wá nǹkan. Fún láíbìrì kékeré kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ní ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ́kọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, nǹkan di ìgbín, ẹ̀dà 3.0 tó jáde ní 2008 ló wá fi Zebra ṣe ẹ̀rọ ìṣàwárí ẹ̀.

Lónìí, Elasticsearch, ẹ̀rọ ìṣàwárí mìíràn, náà ti wà nínú Koha fún ẹni tó bá fẹ́. Orí Lucene, àpò irinṣẹ́ ìṣàwárí tí Doug Cutting kọ, ló dúró lé, ìdílé àwọn tó ń to ọ̀rọ̀ ni tiẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ kí Koha tó lè lò ó, wọ́n ní láti jókòó kọ ọ́ fún un pé 245 ni àkọlé, 100 ni òǹkọ̀wé.