Iye aláìyípadà nínú èdè kọ̀ǹpútà

Iye aláìyípadà ni iye tí ẹni tó ń kọ kóòdù sọ lórúkọ lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì fẹ́ kí ohunkóhun yí i padà títí ètò yóò fi parí iṣẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Adó bá ń kọ ètò nípa Ìpínlẹ̀ Èkìtì, 1996 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ yẹ bẹ́ẹ̀; kò sẹ́ni tó lè yí ọdún yẹn mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí òfin lè fi kún un lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá kọ 16 káàkiri inú kóòdù yóò máa wá a kiri lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá sọ ọ́ lórúkọ, bíi IJOBA_IBILE, yóò tún un ṣe lójú kan ṣoṣo.

Nínú èdè Java, kóòdù tó bá fẹ́ yí irú iye bẹ́ẹ̀ padà kò tilẹ̀ ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn èdè tó ń yẹ ọ̀pọ̀ nǹkan wò nígbà tí ètò bá ti ń ṣiṣẹ́ kò le tó bẹ́ẹ̀. Python kò ní òfin kankan tó ń dáàbò bò ó. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí PEP 8, ìlànà ìkọ kóòdù Python, ṣe sọ, kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí ni: IJOBA_IBILE = 17 yóò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Final, àmì tó ń sọ pé iye kan kò gbọdọ̀ yí padà, tó wọlé pẹ̀lú Python 3.8 ní 2019, kò dí i lọ́wọ́. Àwọn irinṣẹ́ ayẹ̀wò bíi mypy ló ń kà á sí. Ruby á kìlọ̀, á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

JavaScript le jù wọ́n lọ. Láti 2015 ló ti ní ọ̀rọ̀ const fún irú iye yìí, ẹni tó bá sì fẹ́ gbé iye mìíràn fún orúkọ náà yóò rí àṣìṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Bí a bá kọ

const ilu = ["Adó", "Ìkẹ́rẹ́", "Ìjerò"];

ilu.push("Ọ̀yẹ́"), tó ń fi Ọ̀yẹ́ kún lísìtì náà, yóò ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Ká sọ pé igbá ni lísìtì náà: orúkọ ni const so mọ́ igbá. Kò dé igbá náà lérí. Object.freeze ló ń dé e, ṣùgbọ́n igbá òde nìkan ni. Bí lísìtì àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yẹ́, bíi Ayédé àti Ìtàpá, bá wà nínú lísìtì ńlá, ti inú yẹn ṣì ṣí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni freeze ti Ruby rí, àti tuple ti Python, ìyẹn lísìtì tí a kò lè yí padà.