Kí Ni Ẹgbẹ́ Fabian Ń Fi Ìwé Ìtàn àti Àpérò Ṣe?

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ Fabian tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kì í fi orúkọ ara rẹ̀ du ipò nínú ìdìbò, síbẹ̀ òṣèlú ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a máa ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jù ni ìkéde àpérò tó ń bọ̀ àti ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, títí kan ìwé ìtàn. Kí ni ẹgbẹ́ tó fẹ́ tún òfin ọ̀la ṣe ń wá nínú ọ̀rọ̀ àná?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe ìwádìí, kó gbé èrò kalẹ̀, kó sì rí i pé èrò náà ti dé etí àwọn aṣòfin kí wọ́n tó jókòó kọ òfin. Ọjọ́ 4 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1884, ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Fabian sílẹ̀ nílé Edward Pease ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fi orúkọ Quintus Fabius Maximus sọ ara wọn, ìyẹn ọ̀gágun Róòmù tó kọ̀ láti pàdé Hannibal, ọ̀gágun Carthage, lójú ogun gbangba títí ó fi rẹ ọ̀tá náà. Wọn kò gbà pé ọ̀tẹ̀ ojú pópó ni yóò tún ìlú ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ ni ìgbàgbọ́ wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ fẹ̀sọ̀ yí ìlú padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi han àwọn ará ìlú pé bí nǹkan ṣe rí lónìí kọ́ ni ó ṣe rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé, pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é, ọwọ́ ènìyàn sì lè tún un ṣe. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún irú ọ̀rọ̀ yẹn, inú ìtàn ló wà. Ìwé pélébé àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1884 kò ju ojú ewé mẹ́rin lọ. Ohun tó bèèrè ni ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi jẹ́ tálákà, ẹni tó sì kọ ọ́, W. L. Phillips, akunlé ni.

Ìbéèrè: Ṣé ìwé ìtàn lè ṣe iṣẹ́ òṣèlú lóòótọ́, àbí ọ̀nà láti pa owó wọlé lásán ni?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe é, bí ìwádìí inú rẹ̀ bá jinlẹ̀. Nígbà tí Sidney Webb àti Beatrice Potter, àwọn méjì tó di òpó ẹgbẹ́ náà, ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Agẹmọ, ọdún 1892, Dublin ni wọ́n gbà lọ, wọ́n sì lo àkókò tí tọkọtaya mìíràn ì bá fi ṣe fàájì láti máa wádìí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n tó kọjá sí Glasgow tí àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ń ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn. Ìwé ìtàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n jọ kọ jáde ní 1894. Ohun tí wọ́n lò ni ìwé tí akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ọwọ́ kọ nípàdé, ìṣirò owó tí wọ́n dá fún aláìsàn, òfin tí oníṣẹ́ ọwọ́ fi de ara wọn. Àwọn ohun tó lè jóná tàbí kí ikán jẹ wọ́n di ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni lè nà jáde lójú adájọ́ tàbí aṣòfin. N kò sọ pé ìwé kan ṣoṣo ló bí Ẹgbẹ́ Labour, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ ní Britain, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó ní 1900 láti dá ìgbìmọ̀ tó di Labour sílẹ̀, Ẹgbẹ́ Fabian wà níbẹ̀, Sidney Webb náà ló sì wà nídìí ìwé òfin tí ẹgbẹ́ òṣèlú náà gbà ní 1918. Ṣáájú ìgbà náà, ogún tí agbẹjọ́rò kan láti Derby, Henry Hutchinson, fi sílẹ̀ ni wọ́n fi dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga LSE (London School of Economics) sílẹ̀ ní 1895, ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ti kàwé.

Ìbéèrè: Àpérò wọn ńkọ́?

Ìdáhùn: Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ó ju èje lọ. Ìkéde ni à ń rí, ṣùgbọ́n ibi ìpàdé ni èrò ti ń kúrò lórí ìwé bọ́ sẹ́nu olóṣèlú. Láti 1907 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti jọ gbé, jọ jẹun, jọ jiyàn fún ọjọ́ mélòó kan, àpérò ọdún tuntun wọn sì máa ń wáyé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìdìbò 1945, ó ju ìdajì àwọn aṣòfin Labour lọ tó jẹ́ ọmọ Ẹgbẹ́ Fabian, Clement Attlee tó di olórí ìjọba sì wà lára wọn.

Ìbéèrè: Kí ló wá kan àwa ọmọ Yorùbá nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó kàn wá gan-an. Ní 1940 ni ẹgbẹ́ náà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Rita Hinden ni akọ̀wé rẹ̀, Arthur Creech Jones sì ni alága. Wọ́n ń gba lẹ́tà láti àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn, wọ́n ń tẹ ìwé, wọ́n sì ń mú kí a béèrè ọ̀rọ̀ wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Labour gbàjọba, Creech Jones di mínísítà fún àwọn ilẹ̀ náà ní 1946. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé rò pé ọ̀rẹ́ dé ipò. Ní 1947, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ti Nàìjíríà rán aṣojú sí i láti tako òfin ìjọba tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀. Nnamdi Azikiwe ló ṣáájú wọn, Funmilayo Ransome-Kuti láti Abẹ́òkúta sì ni obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn. Ìdáhùn tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n lọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú òfin náà. Síbẹ̀, ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Gómìnà Macpherson bẹ̀rẹ̀ àtúnyẹ̀wò rẹ̀, òfin mìíràn sì rọ́pò rẹ̀ ní 1951.

Lójú tèmi, ìtàn yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyìn tí ẹgbẹ́ kan lè fi kan ara rẹ̀ lọ. Ó fi hàn pé ẹni tó ti kọ̀wé gbè wá lè tijú láti ṣe ohun tó kọ nígbà tí àṣẹ bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìtàn tiwa nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn nìkan ń kọ.

Ìbéèrè: Ṣé a lè gbára lé ìwé tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ nípa ara rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kà á, ṣùgbọ́n kí ẹ la ojú yín sílẹ̀. Pease tó kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà ní 1916 ti jẹ́ akọ̀wé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó mọ inú ilé, ó sì ní ìdí láti dáàbò bo ilé. Ní 1900, George Bernard Shaw, òǹkọ̀wé tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà, ṣètò ìwé kan fún ẹgbẹ́ náà tó gbè sẹ́yìn ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Webb pàápàá kọ ìwé ńlá lórí ìjọba Soviet ní 1935, tí wọ́n fi àmì ìbéèrè parí àkọlé rẹ̀, bí ẹni ń bèèrè bóyá ọ̀làjú tuntun ni. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 1937, ní àárín ìgbà tí Stalin, olórí Soviet, ń pa àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n yọ àmì náà kúrò.

Ìbéèrè: Bí mo bá rí ìkéde àpérò tàbí ìwé wọn, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Bí ẹ bá ń gbé ní Britain, ẹ lọ. Àwọn ẹ̀ka ìbílẹ̀ wà káàkiri, ọ̀pọ̀ ìpàdé wọn ló sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àti ipò tó wà, kí ẹ sì béèrè ẹni tó san owó ìwádìí tó fẹ́ sọ. Bí ẹ bá wà nílé, ilé-ìkàwé LSE ti gbé àwọn ìwé pélébé àtijọ́ ẹgbẹ́ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni sì lè kà wọ́n. Àkọsílẹ̀ ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wa nígbà náà wà ní ilé-ìkàwé Bodleian ní Oxford. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tó bá ń wá iṣẹ́ ìwádìí lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kó sì wo ohun tí àwọn èèyàn wa fúnra wọn kọ sí Lọ́ńdọ̀nù.