Tí Awọnlẹ̀ Bá Gbé Pílà Ààlà Dé Etí Oko Yín

Kò sí abúlé tó sún mọ́ bọ́dà lágbègbè Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ níbí táwa awọnlẹ̀ gbé ẹ̀rọ wa dé tí wọn ò ní bi wá pé "ṣé ilẹ̀ wa lẹ fẹ́ gbà ni?" Mi ò lè bá wọn wí, torí ojú wọn ti rí nǹkan, wọ́n sì ń gbọ́ ọ lórí rédíò lójoojúmọ́ pé orílẹ̀-èdè kan ń bá èkejì du ilẹ̀. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì gbọ́ rí ni pé ààlà orílẹ̀-èdè yàtọ̀ sí ààlà oko. Ààlà orílẹ̀-èdè ló ń sọ òfin tó máa ṣiṣẹ́ níbì kan, ó ń sọ jandámù tó lè mú èèyàn níbẹ̀, ó ń sọ ìjọba tó máa gbowó orí, àti bóyá Faransé ni tíṣà máa fi kọ́ ọmọ yín ni àbí Gẹ̀ẹ́sì. Kò sọ ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ tó wà nínú oko. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyẹn, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é látìgbà tí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀ títí dìgbà tí pílà á fi wọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ìlà tiwa gbà wá. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn pé kí ìlà kan gbéra láti odò Àjárà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàṣẹ́, kó lọ tààrà sókè títí dé dìgírì 9 ní àríwá. Ní 1898 wọ́n fà á lọ sókè títí kan odò Ọya, ní 1906 wọ́n tún fọwọ́ sí òmíràn lẹ́yìn táwọn èèyàn wọn ti fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ wo 1889 yẹn dáadáa o. Ogun Dàhòmì ti fọ́ Kétu ní 1886, wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa lọ sí Àgbómẹ̀, 1894 la tó padà wá tún ìlú tò lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhòmì. Ìyẹn ni pé lọ́dún tí wọ́n ń fi rúlà la ilẹ̀ Alákétu sí méjì, kò sí Alákétu lórí ìtẹ́ tí wọn ì bá bi, kódà ká ní wọ́n fẹ́ bi í. Bí Ìmẹ̀kọ ṣe bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, táwa bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìlárá wá di ìlú kan tí apá kan ẹ̀ wà níbí tí apá kan wà ní Nàìjíríà. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, tó sì tún ṣiṣẹ́ ní National Boundary Commission, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ààlà ní Nàìjíríà, inú mi sì máa ń dùn pé ẹni tí ìlà náà la ìdílé ẹ̀ já ló jókòó sídìí iṣẹ́ yẹn.

Ẹ lè wá bi mí pé ṣebí ìrẹ́jẹ ni, kí ló dé táwọn ìjọba wa ò kàn pa ìlà òyìnbó rẹ́? Ní 1964, ní Káírò, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò pé bí ààlà ṣe wà lọ́jọ́ tí kálukú gbòmìnira ni kó wà. Wọ́n mọ̀ pé ìlà náà ò dáa, àmọ́ wọ́n tún mọ̀ pé tí wọ́n bá ṣí ìyẹn sílẹ̀, ogun ò ní tán láyé. Èmi gbà pẹ̀lú wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí orílẹ̀-èdè méjì bá jókòó sórí tábìlì báyìí, ìbéèrè tí wọ́n ń wá ìdáhùn sí ni pé "ibo ni ìlà wà lọ́jọ́ òmìnira?" Bóyá ìlà yẹn tọ́ àbí kò tọ́, ìyẹn ò sí lórí tábìlì.

Ìdáhùn yẹn ò rọrùn rárá, torí inú bébà ló wà. Ẹ máa rí kọmíṣọ́n méjì, ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, lọ́yà wà níbẹ̀, awọnlẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó mọ ìtàn wà níbẹ̀, wọ́n á máa tú àpótí ìwé, máàpù àtijọ́, àṣẹ gómìnà, lẹ́tà tí ajẹ́lẹ̀ kan kọ sí ajẹ́lẹ̀ kejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé máàpù kì í purọ́, ẹ gbọ́ èyí: láyé àtijọ́, láti Paris làwọn Faransé ti ń ka ìlà òró, ìyẹn ìlà tó gba orí máàpù láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kà á láti Greenwich nílùú tiwọn, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì sì lé ní dìgírì 2. Lágbègbè tiwa níbí ìyẹn ju 250 kìlómítà lọ. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà Kétu lórí máàpù Faransé ayé ìgbà yẹn tí ò rántí láti ròó pọ̀, ilẹ̀ Gánà ló máa bá Kétu!

Ẹ wo ti àwa àti Nijẹ lórí erékùṣù Lété nínú odò Ọya. Ní 1963 ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ogun. Ní 1965 wọ́n pàdé ní Yamoussoukro, wọ́n ní kí àwọn èèyàn méjèèjì ṣì máa lo erékùṣù náà títí wọ́n á fi yanjú ẹ̀, wọ́n wá ń sọ ọ́ sọ ọ́ títí di 2001 tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní Kùtọnu pé ó tó gẹ́ẹ́, kí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní The Hague bá wọn dá a. Ẹ kíyè sí i pé àwọn méjèèjì ló jọ lọ, kò sẹ́ni tó pe ẹnì kejì lẹ́jọ́. Bẹ̀nẹ̀ gbé lẹ́tà kan kalẹ̀ tí gómìnà Nijẹ kọ ní 1954 pé etí odò lọ́wọ́ òsì ni ààlà wà, ìyẹn ni pé gbogbo odò jẹ́ tiwa. Nijẹ náà ní lẹ́tà 1914 lọ́wọ́ tó pín àwọn erékùṣù gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2005 ilé-ẹjọ́ ní ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ni ká tẹ̀ lé, bó ṣe rí lọ́jọ́ òmìnira ní oṣù kẹjọ 1960. Erékùṣù 25 ló wà níbẹ̀, 16 bọ́ sọ́wọ́ Nijẹ, Lété sì wà lára wọn, Bẹ̀nẹ̀ gba 9. Ó dùn wá, àmọ́ ìbọn ò dún.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú ìdájọ́ yẹn gan-an wà lápá ìsàlẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ oníròyìn ò kà dé. Ilé-ẹjọ́ sọ ọ́ kedere pé pípín tí àwọn pín erékùṣù yìí kò kan ẹ̀tọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ní lórí ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Tí bàbá ẹnì kan bá ń dá oko lórí Lété, orílẹ̀-èdè tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ló yí, oko ò tìtorí ẹ̀ di ti ẹlòmíì. Nǹkan tí mo máa ń sọ fáwọn àgbà abúlé nìyẹn nígbà tí wọ́n bá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ wa.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà náà ló ń dé kóòtù o. Àwa àti Bùrkínà Fasò ń bá Kourou-Koalou fà á, ilẹ̀ tó tó 68 kìlómítà níbùú lóròó, ní 2008 wọ́n fẹnu kò pé kó ṣì wà láìjẹ́ ti ẹnì kan, kí ẹnikẹ́ni má fi àmì àṣẹ ìjọba ẹ̀ síbẹ̀. Ó dáa ju kí sójà méjì máa wojú ara wọn lọ, àmọ́ n ò fẹ́ràn kó pẹ́, torí ibi tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ta ló máa kọ́ ọsibítù síbẹ̀, ta lèèyàn máa lọ fẹjọ́ sùn tí olè bá jà?

Tí ti orí tábìlì bá tán, ó kù tinú igbó, ibẹ̀ ni tiwa sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé kékeré ni. Kóòtù dájọ́ Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ní 2002, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Greentree ní 2006 lórí Bakassi, ilẹ̀ etí òkun tí àwọn méjèèjì ń du, síbẹ̀ ìlà yẹn ju 2,000 kìlómítà lọ, òkè wà níbẹ̀, àbàtà wà níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìrànlọ́wọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ọdún gbọọrọ ni wọ́n ti fi ń rìn ín tí wọ́n ń ri pílà.

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Ẹgbẹ́ méjì ló ń jáde pọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rọ tiẹ̀, torí ẹnì kan kì í dá bọ́dà wọ̀n. Wọ́n á gbé áńtẹ́nà GPS lé ojú ibì kan náà, kálukú á kọ nọ́ńbà tiẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi wéra, tó bá yàtọ̀ ju iye tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí, wọ́n á tún un wọ̀n. Kódà kí wọ́n tó kúrò ní ọ́fíìsì wọ́n gbọ́dọ̀ ti fẹnu kò lórí ìpìlẹ̀ tí wọ́n máa fi ka nọ́ńbà. Máàpù àtijọ́ ti Nàìjíríà, ibì kan ní ìlú Mínná ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀, GPS ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, tẹ́ ẹ bá gbé nọ́ńbà ọ̀kan lé èkejì láìyí i, ó lè fi ju 100 mítà yẹ̀. 100 mítà! Ilé èèyàn, kànga ẹ̀ àti ọgbà osàn ẹ̀ á ti bọ́ sí orílẹ̀-èdè míì torí awọnlẹ̀ kan ò fara balẹ̀.

Tí wọ́n bá ti rí ojú ibẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á ri irin sí i, wọ́n á da kọ́ńkéré, wọ́n á lẹ nọ́ńbà mọ́ orí ẹ̀, ojú tó kọ sí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan á ní lẹ́tà orílẹ̀-èdè náà lára. A tún lè sin àmì kékeré sábẹ́ ẹ̀, tẹ́nì kan bá hú ti òkè ti ìsàlẹ̀ á ṣì wà. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wá kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní procès-verbal níbẹ̀ gan-an, pé pílà báyìí, nọ́ńbà ẹ̀ rèé, mítà báyìí ló fi jìnnà sí igi ìrókò tó wà lápá ìlà oòrùn, mítà báyìí sí oríta, kí ọmọ tí a ò tíì bí lè wá ibẹ̀ rí. Olórí ẹgbẹ́ méjèèjì á fọwọ́ sí i. Ohun tí bàbá wa ń fi pèrègún ṣe láàárín oko náà ni, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé pèrègún ní ẹlẹ́rìí tó ń gbé nítòsí, pílà tó wà láàárín igbó ò ní, ìwé yẹn ni ẹlẹ́rìí ẹ̀.

Odò ni ìṣòro tó tún le. Àwọn ará Ṣábẹ mọ odò Ọ̀pàrà, apá kan ẹ̀ ni ààlà wa pẹ̀lú Nàìjíríà. Odò ń rìn, òjò kan lè gbé etí ẹ̀ lọ, ìyẹn ló fi yẹ kí ìwé sọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lé nínú omi. Lórí odò Ọya, ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà ni, lórí Mékrou, odò míì tó wà láàárín àwa àti Nijẹ tí kò ṣeé tukọ̀ nínú ẹ̀, àárín gbùngbùn omi ni ilé-ẹjọ́ mú.

Ibi tí inú ti máa ń bí mi ni tí ẹgbẹ́ kan bá wọ abúlé pẹ̀lú jandámù láìtíì rí olórí abúlé. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà ò lè borí àdéhùn tí ìjọba fọwọ́ sí, àmọ́ àwọn àgbà ló mọ ibi tí pílà àtijọ́ wà, àwọn ló mọ ẹni tó ń gbowó orí níbẹ̀ kí òmìnira tó dé, tí bébà méjì bá sì takora, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń wúlò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀, kí wọ́n sì kà á padà sí yín létí lédè yín.

Ẹ má hú pílà o, ẹ má sì so ewúrẹ́ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó wó, mérì ni kẹ́ ẹ lọ sọ ọ́ fún, àwọn ló máa fi tó ABeGIEF létí, iléeṣẹ́ tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2012 fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbègbè bọ́dà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá oko sí etí bọ́dà, kí ẹgbẹ́ kankan tó dé, ẹ lọ gba attestation de détention coutumière, ìwé tó jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀ náà nípa àṣà, fún oko yín, kí àwọn tẹ́ ẹ jọ pààlà tẹ̀ lé yín lọ jẹ́rìí. Tí apá kan oko bá wà lọ́hùn-ún, ìwé Kétu ò ní ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn, ti ìjọba ọ̀hún lẹ máa wá, ọba àti baálẹ̀ ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ lọ rí.