Àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì àfọwọ́ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀

Àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì àfọwọ́ṣe ni ọ̀nà ìkọ́ni tí ọmọ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán nǹkan wò kí ó tó gbọ́ àlàyé rẹ̀ lẹ́nu olùkọ́. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 8 ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ohun èlò rẹ̀ kì í sábà ju ohun tó wà nílé lọ: omi, ẹ̀wà, iyanrìn, ọsàn, ife, bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí èyí tí olùkọ́ ń ṣe níwájú kíláàsì tí àwọn ọmọ ń wòran ni pé ọmọ fúnra rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kí ó ṣe é, kí ó sì fi ohun tó rí wé ohun tó sọ.

Ìtàn

Johann Heinrich Pestalozzi (1746–1827), olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti ń sọ ọ́ láti ayé tirẹ̀ pé kí ọmọdé fojú rí nǹkan, kí ó sì fọwọ́ kàn án, ṣáájú kí ó tó kọ́ orúkọ rẹ̀. Ní Nàìjíríà nígbà ìjọba amúnisìn, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá àyíká àti ìmọ́tótó ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àkọ́sórí ló sábà máa ń jẹ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, UNESCO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, gbé ìwé pélébé kan jáde ní 1948 fún àwọn olùkọ́ ní orílẹ̀-èdè tí ogun ti ba ilé-ẹ̀kọ́ wọn jẹ́. Ìwé yìí ni wọ́n sọ di ńlá ní 1956, ó sì ń fi han olùkọ́ bí a ṣe lè fi agolo, ìgò àti okùn ṣe ohun èlò tí kò sí owó láti rà. Nígbà tí Sófìẹ́ẹ̀tì, abánidíje Amẹ́ríkà, ju sátẹ́láìtì Sputnik sí òfúrufú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 1957, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í náwó gọbọi lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Nínú owó bẹ́ẹ̀ ni ètò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ọmọdé méjì ti jáde: Elementary Science Study ní Massachusetts, àti ti onímọ̀ físíìsì Robert Karplus ní Yunifásítì California ní Berkeley.

Láti ibẹ̀ ni èrò náà ti dé Áfíríkà. Ní 1965 ni African Primary Science Program bẹ̀rẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Àwọn olùkọ́ Áfíríkà àti àwọn onímọ̀ láti òkè òkun jọ jókòó kọ àwọn ẹ̀kọ́ náà lórí ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó ọmọ: iyanrìn, irúgbìn, kòkòrò. Eleanor Duckworth, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Jean Piaget, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, ló yẹ iṣẹ́ náà wò ní Kẹ́ńyà. Ní 1970, ẹgbẹ́ kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Accra gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Ní Faransé, Georges Charpak, tó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1992, bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 1996.

Iṣẹ́ Ifẹ̀

Ní 1970 kan náà ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà kan lórí èdè tí a fi ń kọ́ ọmọ, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A", Mọ́dákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Ford Foundation, àjọ Amẹ́ríkà kan. Babs Fáfúnwá, tó di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ni aṣáájú rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí kan sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi ń wé wọn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, bí ó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yòókù.

Àwọn olùwádìí jábọ̀ pé àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì jó rẹ̀yìn. Ó yẹ ká rọra gba èyí, nítorí ìwé tuntun àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ lè ní ipa tiwọn. Síbẹ̀, fún àyẹ̀wò àfọwọ́ṣe, ìbéèrè èdè kì í ṣe ohun kékeré: ọmọ ọdún 6 tí a ní kó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kò ní lè sọ ọ́ ní èdè tí kò tíì gbọ́ dáadáa, ó kàn máa wo ojú olùkọ́ ni. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní 2025.

Ẹ̀wà inú òwú

Nínú gbogbo àyẹ̀wò tí à ń ṣe pẹ̀lú ọmọdé, bóyá ni èyí tó gbajúmọ̀ tó híhù irúgbìn fi wà. Ẹ̀wà ló rọrùn jù, torí ó tètè ń hù, ọmọ sì mọ̀ ọ́n ní oúnjẹ. A ó fi òwú tútù sínú ife tó mọ́ gaara, a ó sì ki hóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin sáàárín òwú àti ara ife, kí a lè máa rí wọn láti ìta. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọn yóò ti mu omi wú. Láàárín ọjọ́ 2 sí 4, gbòǹgbò funfun kan yóò yọ, yóò sì dorí kọ ilẹ̀, bó ti wù kí a gbé hóró náà. Bí a bá dá ife náà dùbúlẹ̀ nígbà yìí, ní ọjọ́ kejì gbòǹgbò yóò ti tẹ̀ sí ibi tó di ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọrùn ẹ̀hù yóò tẹ̀ bí ìwọ̀, yóò fa ìlàjì ẹ̀wà méjèèjì sókè, ewé àkọ́kọ́ yóò sì là láàárín wọn. Àgbàdo kì í ṣe bẹ́ẹ̀: hóró rẹ̀ a dúró síbi tí a gbé e sí, ẹ̀hù rẹ̀ a sì yọ ṣóńṣó.

Ohun tó sọ ọ́ di sáyẹ́ǹsì ni pé ká má ṣe ife kan ṣoṣo. Ọ̀kan lè ní òwú tútù, èkejì òwú gbígbẹ, ẹ̀kẹta kún fún omi débi pé afẹ́fẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ hóró, ẹ̀kẹrin sì tutù bí ti àkọ́kọ́ ṣùgbọ́n kó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nǹkan kan ṣoṣo ni kó yàtọ̀ láàárín ife kọ̀ọ̀kan àti ti àkọ́kọ́. Ọmọdé máa ń rú òfin yìí: yóò gbé ife sínú òkùnkùn, yóò sì gbàgbé láti bu omi sí i.

Ọ̀pọ̀ ọmọ, àti àgbàlagbà pàápàá, ló máa ń sọ pé ti inú kọ́bọ́ọ̀dù kò ní hù. Yóò hù. Ó tiẹ̀ sábà máa ń ga ju èyí tó wà lójú fèrèsé lọ, ṣùgbọ́n yóò tín-ín-rín, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì fà sí àwọ̀ ìyeyè. Oúnjẹ tí ẹ̀wà fi ń hù wà nínú ìlàjì rẹ̀ méjèèjì. Ìgbà tó bá ń wá ọ̀nà láti ṣe oúnjẹ tirẹ̀ ni ó nílò ìmọ́lẹ̀, ìgbà náà ni ewé ń tutù yọ̀yọ̀.

Ọmọ tí kò tíì lè lo rúlà lè wọn ẹ̀hù síbẹ̀. Lójoojúmọ́, yóò gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn gẹ́lẹ́ bí ẹ̀hù náà, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti àná lórí káàdì. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹwàá, àwọn bébà náà yóò ti tò bí àtẹ̀gùn, yóò sì hàn sí gbogbo kíláàsì ọjọ́ tí ẹ̀hù sáré jù. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ dán ẹ̀wà náà wò nílé, torí ẹ̀wà tó ti pẹ́ nílẹ̀ lè kọ̀ láti hù.

Kúlúsọ

Kúlúsọ wà lára ẹ̀kọ́ tí African Primary Science Program kọ jáde. Ìdí ògiri tí òjò kì í dé ni kòkòrò yìí ń gbẹ́ ihò roboto rẹ̀ sí nínú iyanrìn kíkúnná, ẹ̀yìn ló sì ń fi rìn. Bí a bá gbé e sínú abọ́ iyanrìn, tí a rẹ apá kan, tí a fi apá kejì sílẹ̀ ní gbígbẹ, ọmọ lè sọ ibi tó rò pé yóò gbẹ́lẹ̀ sí, kí ó sì wò ó di ọjọ́ kejì. Èèrà tó bá jìn sínú ihò náà ni kúlúsọ máa ń ju iyanrìn lù títí yóò fi ṣubú sí i lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fi ṣeré ní kékeré kò mọ̀ pé ọmọ kòkòrò ni, pé tó bá dàgbà yóò hu ìyẹ́, yóò sì máa fò, ní ìrísí tó jọ lámilámi.

Àwọn àyẹ̀wò mìíràn

Omi ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe zobo ní àwọ̀ tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní anthocyanin. Tí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yóò pọ́n sí i. Tí a bá kán omi káún sí i, yóò ṣú, yóò sì fà sí àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ewé. Omi ọsàn tó pọ̀ tó yóò dá a padà sí pupa.

Ọsàn tí a kò bó máa ń léfòó, èyí tí a bó tán máa ń rì, torí afẹ́fẹ́ wà nínú èèpo rẹ̀. Èyí tí ọlọ́sàn bá bó, tí funfun rẹ̀ ṣì wà lára, sábà máa ń léfòó síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò fún ọmọ tó gbà pé ohun tó bá ti wúwo ló ń rì, torí ọsàn tí a kò bó gan-an ló wúwo jù.

Òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́ dára fún yíya irin sọ́tọ̀. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, wáyà kan àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì tó bá a mu tó láti fi kọ́ ọmọ nípa ọ̀nà tí iná mànàmáná ń gbà.

Àlàyé tó máa ń ṣini lọ́nà

Àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń da ife dé àbẹ́là tó ń jó nínú abọ́ omi gbajúmọ̀, àlàyé tó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ni pé omi gòkè láti rọ́pò ọ́síjìn tí iná jẹ tán. Èyí kò tọ́. Iná máa ń kú nígbà tí ọ́síjìn ṣì kù nínú ife. Ohun tó fa omi sókè jù lọ ni pé afẹ́fẹ́ tí iná ti mú gbóná tutù, ó sì sún kì.

Ìṣọ́ra

Ọmọdé máa ń ki ẹ̀wà bọ imú àti etí, ẹ̀wà gbígbẹ sì máa ń wú níbẹ̀. Bátìrì wẹ́wẹ́ bíi bọ́tìnnì léwu púpọ̀ bí ọmọ bá gbé e mì. Kò yẹ kó wọ kíláàsì rárá. A kì í fi iná mànàmáná ilé ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n lè ti fi oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà tí a rà lọ́jà, nítorí náà kí àwọn ọmọ fọ ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ nínú rẹ̀. Kí omi káún má ta sí ojú. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan péré kí tanwíjí tó di ẹ̀fọn, torí náà ká máa pààrọ̀ omi inú ife ní gbogbo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.